Wọ́n Ní Ìwé Tí Mo Kà Ti Tó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ọmọ yín tọ́mọ, ẹ dá mi lóhùn: bí ọmọdébìnrin kan bá fi ilé-ìwé sílẹ̀, tẹ́ ẹ bi í pé kí ló dé, tó wá ní, "Wọ́n ní ìwé tí mo kà ti tó," ta lẹ ó kọ́kọ́ bínú sí?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ gbọ́ ti Màmá Aránṣọ ná.

Obìnrin náà kì í ṣe ìkà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀, ó mọ ilé tọ́jú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí òun fúnra rẹ̀ ń pè ní Nọ́ọ̀sì, ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn ní ìlú tó jìnnà, ó sì fi ọmọ kan ṣoṣo tó bí sọ́dọ̀ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà, torí pé ó lè wọlé, kó jókòó tini, kó dọ́gbọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kéèyàn tó mọ̀ pé ó ti dé.

Jẹ́jẹ́ mọ̀wé, ipò kìíní ló máa ń gbà. Olùkọ́ ìṣirò wọn, ọkùnrin kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ló máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Lẹ́ẹ̀kan-Sí-i ni àwọn ọmọ ń pe olùkọ́ náà. Tí ọmọ bá ṣìṣe, kò ní nà án, kò ní bú u. Á kàn nu pátákó mọ́, á ní, "Lẹ́ẹ̀kan sí i." Ó lè sọ ọ́ títí ọmọ á fi fẹ́ sunkún. Lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá jáde, ó tún máa ń kó àwọn ọmọbìnrin jọ fún lẹ́sìnnì, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ òbí wọn.

Ojú ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú Màmá Aránṣọ ń ṣe bàìbàì. Ihò abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ sọnù. Lẹ́yìn náà, òwú dúdú lórí aṣọ dúdú di ohun tí kò sí láyé. Lọ́jọ́ kan ó rán apá kóòtù ọkùnrin kan ní òdì, inú síta, ó ká a, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́. Jẹ́jẹ́ ló rí i. Ó tú u, ó tún un rán, ó gbé e padà sórí ìkọ́ kí olóhun tó dé.

Màmá Aránṣọ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló ń gbé aṣọ fún aránṣọ tí kò ríran? Ta ló ń gbé orí fún onídìrí tí kò ní ọwọ́?

Ọmọ náà wá di ojú rẹ̀. Láàárọ̀, kó tó lọ sílé-ìwé, á ti òwú bọ àwọn abẹ́rẹ́, á gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré kan, funfun lápá kan, dúdú lápá kejì. Tí ìyẹn bá tán lọ́sàn-án, Màmá Aránṣọ á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wo ojú ọ̀nà bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn-àjò.

Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe rí. Ilé-ìwé yẹn gan-an ló gbé iṣẹ́ ńlá dé. Wọ́n fẹ́ yí yunifọ́ọ̀mù padà, wọ́n sì ní Màmá Aránṣọ ni kó rán an. Òkìtì aṣọ búlúù ga débi pé ó dí fèrèsé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn.

"Màmá, mo ń lọ mà."

"O ń lọ síbo? Ta ló máa gé òkìtì yìí? Èmi àbí ògiri?"

"Mo máa tètè dé mà."

"Tètè dé kọ́ ló kàn. Jẹ́jẹ́, ìwé tó o kà yẹn ti tó jàre. Wá jókòó."

Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Bí ẹlòmíì bá wà níbẹ̀, á ní eré ni. Ṣùgbọ́n ó na tépù sí ọmọ náà bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, tépù kì í sì í ṣeré.

Jẹ́jẹ́ gbé báàgì kalẹ̀. Ó jókòó. Inú yunifọ́ọ̀mù tó wọ̀ yẹn ló wà tó fi gé yunifọ́ọ̀mù àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

"Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni," Màmá Aránṣọ sọ fún ara rẹ̀.

Àbí ẹ ò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ máa ń bímọ? Yunifọ́ọ̀mù tán, aṣọ àwọn akọrin dé. Aṣọ akọrin tán, kọ́tìnì ilé-ìtura kan dé. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rí ọkàn gbá Màmá Aránṣọ létí díẹ̀, ó sọ fún ọmọ náà pé, "Ìwọ, ṣé o ò wá padà sílé-ìwé ni?"

Ọmọ náà wo tìmùtìmù, ó wo ojú ìyá àgbà rẹ̀. "Ta ló máa máa ti òwú bọ̀ ọ́ fún yín mà?"

Màmá Aránṣọ ní kó bá òun gbé sísọ́ọ̀sì wá.

Lẹ́ẹ̀kan-Sí-i fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà."

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Ṣòkòtò yín ti wà nílẹ̀."

"Ṣòkòtò kọ́ ni mo bá wá mà. Ọmọ yín ni. N ò rí i mọ́."

"Ara rẹ̀ ò yá."

"Ó ti ń pẹ́ jù mà."

"Àìsàn kì í wo kàlẹ́ńdà, Tíṣà."

Jẹ́jẹ́ wà lẹ́yìn kọ́tìnì níbi tí àwọn oníbàárà ti ń dán aṣọ wò. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ fi ìwé ìṣirò kan sílẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ bá mi fún un. Mo ti ká ojú ewé tó máa ṣe. Tí kò bá yé e, kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọmọ náà ṣe é. Ẹ̀yìn páálí tí wọ́n fi ń gé aṣọ ló kọ ọ́ sí pẹ̀lú pẹ́ńsù. Màmá Aránṣọ kò rí i. Ojú ẹ̀ kò mú pẹ́ńsù mọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ọ̀dọ́bìnrin kan dé láti Yunifásítì. Ó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tó ń wádìí ni ìdí tí àwọn ọmọbìnrin tó mọ̀wé fi ń fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìparí, láwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Ańtí Ìwádìí. Kì í ṣe agbéraga. Bàtà rẹ̀ ti jẹ lẹ́yìn nítorí ìrìn. Ó ti dé ojúlé púpọ̀, ẹjọ́ kan náà ni àwọn ọmọ sì ń rò fún un: olùkọ́ bú mi, olùkọ́ ní orí mi ò pé, olùkọ́ lé mi síta.

Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ kó lè máa gba ohùn sílẹ̀, ó jókòó ti Jẹ́jẹ́. Màmá Aránṣọ ń wa maṣín-ìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gìrìgìrì, bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

"Àwọn olùkọ́ yín ńkọ́, ṣé wọ́n dáa sí ẹ?"

"Wọ́n dáa mà."

"Ṣé wọ́n máa ń bínú?"

"Nígbà míì mà."

"Kí ló wá dé tó o fi kúrò?"

Maṣín-ìn dákẹ́.

"Wọ́n ní ìwé tí mo kà ti tó," ni Jẹ́jẹ́ sọ. "Wọ́n ní kí n wá jókòó."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ìwọ tó ò ń gba ipò kìíní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Ọmọ tí a kọ́ kì í pe àgbà ní "ó". Wọ́n ti jẹun, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ń sinmi: bí Jẹ́jẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ láti kékeré nìyẹn. Màmá Aránṣọ ló fi ìfọ́tí kọ́ ọ. Èèyàn kan ṣoṣo ni, ẹ̀kọ́ ilé ló sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Ańtí Ìwádìí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ni. Ibi tí etí rẹ̀ dojú kọ náà ló bá ọ̀rọ̀ ọ̀hún lọ.

Màmá Aránṣọ mọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló ti mọ̀. Ó tún ẹsẹ̀ tẹ maṣín-ìn.

Ká ní ó parí síbẹ̀, à bá ní ọ̀rọ̀ bọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ańtí Ìwádìí ṣe ohun tó yẹ kí olùwádìí ṣe. Ó padà wá kó tó kọ ìwé rẹ̀ tán. Màmá Aránṣọ ń wọn gáùn mọ́ oníbàárà kan lára lọ́wọ́, ó kó píìnì sẹ́nu.

"Màmá, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tọ́ sọ́nà. Ọmọ yín ní wọ́n ní ìwé tí òun kà ti tó. Àwọn olùkọ́ ni, àbí?"

Màmá Aránṣọ lè yọ píìnì. Kò ju kéèyàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n oníbàárà dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹyẹ tó ń yáàrùn, ó ń fetí sílẹ̀. Tó bá yọ ọ́, ó máa ní láti sọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì. Ó ronú pé: ìwé Yunifásítì ni, ta ló ń kà á? Olùkọ́ sì pọ̀ nílé-ìwé. Ẹ̀bi tó bá já lé gbogbo wọn, ta ló máa rí i gbé nínú wọn?

"Mmm," ló ṣe, pẹ̀lú píìnì lẹ́nu.

"Ẹ ṣeun mà," ni Ańtí Ìwádìí wí.

Rédíò ló gbé e jáde. Màmá Aránṣọ ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìwádìí tuntun kan: ọmọ aránṣọ kan, tó ń gba ipò kìíní, ló ní àwọn olùkọ́ òun sọ fún òun pé ìwé tí òun kà ti tó. Olùwádìí kò dárúkọ ọmọ, kò dárúkọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi áńkáṣíìfù bo erin? Aránṣọ wo ló tún ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò? Olùkọ́ wo ló sì wà nídìí kíláàsì ọmọ náà?

Áyọ́ọ̀nù wà lójú kan títí aṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kejì kò jẹ́ kí rédíò parí kó tó wọlé.

"Màmá Aránṣọ, a ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún yín. Lẹ́ẹ̀kan-Sí-i yẹn ni. Mo ti fura sí i tipẹ́. Ọkùnrin tí eyín rẹ̀ kì í rí oòrùn."

"Ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀."

"Ẹ wo bí ẹ ṣe ní sùúrù tó. Èmi ò ní i. Ọmọ mi ò lọ sí lẹ́sìnnì ẹ̀ mọ́, mo ti yọ ọ́."

"Kí ló wá ń ṣe báyìí?"

"Ó ń bá mi ta búrẹ́dì."

Bó ṣe lọ nìyẹn. Ìyá kan yọ ọmọ, ìyá mìíràn tẹ̀ lé e. Ìwádìí tí wọ́n ṣe kí àwọn ọmọbìnrin lè dúró nílé-ìwé ló tú kíláàsì ìrọ̀lẹ́ yẹn ká. Bí Màmá Aránṣọ bá gbójú sókè lọ́sàn-án, ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ń rí bí òjìji, pẹ̀lú àwo búrẹ́dì lórí.

Ó tún pàdé olùkọ́ náà níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹfun pátákó wà lápá ẹ̀wù rẹ̀, ìyẹn ó rí i, torí ó funfun.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Kí ni, Tíṣà?"

"Pé ìwé rẹ̀ ti tó. Mo ń rò ó lọ, mo ń rò ó bọ̀. N kò rántí. Ẹnu mi le, mo mọ̀. Ó lè jẹ́ pé inú bí mi lọ́jọ́ kan, tí mo sọ ọ́, tí mo gbàgbé. Ọmọ yẹn kì í purọ́."

Ẹ̀yin èèyàn, ọkùnrin yìí ti ń bá wọn wá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀ nínú àpò ara rẹ̀.

Ìgbà wo ni ká sọ ọ́, bí kò ṣe ìgbà yẹn? Òun àti olùkọ́ nìkan ni, kò sí oníbàárà, kò sí píìnì. Màmá Aránṣọ la ẹnu. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni, "Ẹnu èèyàn ni, Tíṣà. Ẹnu máa ń ṣìsọ."

Olùkọ́ mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi tó wà, ó wọ mọ́tò dé. Ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọmọ òun ń kàwé lọ, gbogbo ìgbà tó bá pe fóònù ni Màmá Aránṣọ ń ní, "Ìwé ń lọ." Ẹkún ló fi wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, wọ́n lé ọmọ mi, ẹ ò sọ fún mi."

"N kò fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú ni."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ fi ara yín bò ó. Ẹ gbé e jókòó, ẹ kọ́ ọ níṣẹ́, kó má bàa rìn gbéregbère. Ọlọ́run máa san án fún yín."

Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Àdúrà yẹn wọ Màmá Aránṣọ lára bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú aṣọ. Báwo ló ṣe máa sọ fún ẹni tó wà lórí eékún pé kó dìde, pé òun tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ló ní kí ọmọ náà jókòó?

Bí Nọ́ọ̀sì ṣe dìde, ó rí páálí. Ó yí i padà. "Màmá, kí ni gbogbo èyí?"

"Ìwọ̀n aṣọ ni."

"Ìwọ̀n aṣọ kọ́. Ìṣirò ni. Ó kún ẹ̀yìn gbogbo wọn." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ó ṣì ń ṣe é. Wọ́n lé e, ó ṣì ń ṣe é. Màmá, mi ò ní gbà."

Kò gbà lóòótọ́. Ó lọ sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ó lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n dá ọjọ́ ìpàdé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá Aránṣọ pe ọmọ náà sẹ́yìn kọ́tìnì.

"Jẹ́jẹ́, tí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan kan, ohun tó o sọ fún Ańtí yẹn ni kó o sọ."

"Ohun tí mo sọ gẹ́lẹ́ mà?"

"Má fi kún un, má yọ níbẹ̀."

Ọmọ náà wò ó. "Ṣé inú yín á dùn mà?"

"Lọ wẹ̀, mọ́tò ń dúró."

Ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n jókòó sí. Fáànù ń yí lókè bí ẹni tó rẹ̀. Màmá Aránṣọ àti Nọ́ọ̀sì wà lórí bẹ́ńṣì kan, Ańtí Ìwádìí dojú kọ wọn. Jẹ́jẹ́ dúró, torí ọmọ kì í jókòó níwájú ọ̀gá. Yunifọ́ọ̀mù búlúù tí òun fúnra rẹ̀ gé ni àwọn ọmọ tó ń kọjá lójú fèrèsé wọ̀. Àwọ̀ búlúù yẹn dé ojú Màmá Aránṣọ bí omi tó ń ṣàn lọ.

Lẹ́ẹ̀kan-Sí-i wọlé gbẹ̀yìn. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kíláàsì lé orí tábìlì.

"Ọ̀gá, mo ti kọ̀wé pé mò ń lọ. Kò sí òbí tó tún fẹ́ fi ọmọ síwájú mi, mi ò sì lè máa bá pátákó sọ̀rọ̀. Ìjà kọ́ ni mo bá wá. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ náà, kí n lè rántí ọjọ́ tí mo sọ ọ́, kí n tọrọ àforíjì."

Ańtí Ìwádìí wo ọmọ náà. "Ṣé o fara mọ́ ọn kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ?" Jẹ́jẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ańtí Ìwádìí tan fóònù.

*Wọ́n ní ìwé tí mo kà ti tó. Wọ́n ní kí n wá jókòó.*

Nọ́ọ̀sì nu ojú. Ọ̀gá ilé-ìwé mí kanlẹ̀. Màmá Aránṣọ ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ dijú. "Lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n tún un gbé sí i, láti ibi ìbéèrè. Nígbà tó parí, ó lajú.

"Maṣín-ìn kan ń dún níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe bi í léèrè ni maṣín-ìn dákẹ́."

"Màmá ló ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa," ni Ańtí Ìwádìí sọ. Ọ̀rọ̀ náà fà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó wo fóònù. Ó wo bẹ́ńṣì. "Wọ́n ní kí n wá jókòó," ó tún un sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ilé-ìwé wo ló ń lé ọmọ, tó tún ń ní kó wá jókòó?"



Olùkọ́ yí sí ọmọ náà. Ohùn kíláàsì ló fi bá a sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń nu pátákó mọ́. "Jẹ́jẹ́, ṣé èmi ni?"

"Rárá sà."

"Ṣé olùkọ́ mìíràn ni?"

"Rárá sà."

"Àwọn mélòó ni 'wọ́n'?"

"Ẹnì kan ni sà."

Màmá Aránṣọ mọ̀ pé àsìkò ṣì kù. Ó tó kéèyàn mí síta. Tó bá dìde báyìí, ẹnu òun ni wọ́n á ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ọmọ. Ó gbé ọwọ́ lé etí bẹ́ńṣì. Ó jókòó síbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Jẹ́jẹ́ sọ fún olùkọ́ rẹ̀, omi sì ti ń bọ́ lójú ọmọ tí kò sẹ́ni tó rí ẹkún rẹ̀ rí, "ẹ má bínú sí wọn. Wọn ò ríran mọ́ dáadáa. Wọn ò fẹ́ kí àwọn oníbàárà mọ̀. Tí mo bá lọ sílé-ìwé, kò sẹ́ni tó máa ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún wọn."

Nọ́ọ̀sì rọra yí ọrùn. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo ojú aláìsàn; ohun tó yẹ kó ti rí tipẹ́ ló wà níbẹ̀, funfun, lójú méjèèjì.

"Ta ni ò ríran, Jẹ́jẹ́?" ó bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Màmá mi àgbà ni."